Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Ṣí Láì Kágò

Kí n má parọ́, n kò fẹ́ wo fíìmù náà nítorí ìgbádùn. Mo fẹ́ kọ́ nǹkan níbẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì wa ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn: fíìmù òyìnbó kan nípa obìnrin tó ń dá gbé nínú ilé tí ẹ̀rọ ń darí, tí ọkùnrin kan sì gba inú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ń ṣọ́ ọ, tó ń tan iná mọ́ ọn lójú, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹni tó bá wò ó kò ní lè dá sùn. Èmi ò kúkú rí oorun sùn tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ọkùnrin ṣe ń rí inú ilé ẹni nígbà tí kò sí níbẹ̀, torí pé ọkùnrin kan ń rí inú ilé mi ní Durumi, ní Abuja níbí, mi ò sì mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà.

Díẹ̀ ló kù kí n fẹ́ ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kámẹ́rà àti kọ́kọ́rọ́ ìgbàlódé sí ilé àwọn olówó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa ṣì ń dùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan wá fún èmi náà, èyí tí kò ní ihò rárá. Nọ́ńbà ni èèyàn á tẹ̀ lára rẹ̀, á dún pí-pí-pí, ilẹ̀kùn á ṣí. Ó tún fi kámẹ́rà kékeré kan sókè ẹnu ọ̀nà. Ó ní nítorí olè ni. Inú mi dùn, mo sì ń fi ṣe fáárí kiri. Àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí ìlú wa ní Kogi fún mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Wọ́n gbé iṣu àti èso àti ohun mímu wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá mi sì gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èmi gan-an ló ń ṣọ́. Màá wà nílé jẹ́ẹ́jẹ́ mi, á pè mí láti ibi iṣẹ́ pé ta ni obìnrin tó wọ bùláòsì yẹ́lò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kí ló dé tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ló máa fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń ṣàwàdà. Ọjọ́ tó bi mí pé kí ni èmi àti ọkùnrin tó gbé gáàsì wá ń bá ara wa rẹ́rìn-ín sí ni mo sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, mi ò ṣe mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sunkún, mo kọ̀. Mo yọ kámẹ́rà náà kúrò, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mi ò yọ, torí mo rò pé bí mo bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ó parí.

Kò parí. Mo ra kọ́tìnnì búlúù sí pálọ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi: kọ́tìnnì yẹn bá ilé mu. Mo wúkọ́ nínú yàrá mi, níbi tí àjèjì kankan ò sí, ó kọ̀wé pé ṣé ikọ́ mi ti lọ. Ó mọ ìgbà tí mo se ẹ̀gúsí. Ó mọ ìgbà tí mo sunkún. Mo dí ojú nọ́ńbà rẹ̀, ó fi òmíràn kọ̀wé. Mo tú gílóòbù iná wò, mo yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò, mo fi bébà lẹ ojú gbogbo ihò tó wà lára ògiri. Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń wọṣọ, nínú òkùnkùn, nínú ilé tí èmi fúnra mi ń san owó rẹ̀. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, ẹni tí mo bá níbẹ̀ béèrè bóyá ó nà mí. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ yanjú ẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Orí mi gbóná débi pé mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ó wá láti ilé nítorí orúnkún rẹ̀, kí dókítà lè máa bá a wò ó. Mo sọ fún un pé èmi àti ọkùnrin náà ti pínyà, ó sì gbọ́, àmọ́ ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn àgbà ló gba iṣu lọ́wọ́ wọn, àwọn àgbà náà ló máa dá a padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti ní kí a dúró di ìparí ọdún, nígbà tí gbogbo ẹbí bá wálé. Lójú ìyá mi, títí di ọjọ́ náà, àna rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ṣì jẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Mi ò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kankan hàn án, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá a fínra. Mo rò pé bí mo bá gbé ẹ̀rù náà mì, kò ní kàn án.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó yẹ kí a ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin Okun, Yorùbá Kogi bíi tiwa, ní Kubwa. Ìyá mi fẹ́ràn ìpàdé yẹn bí ojú. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kí òun ní "Okun o" nínú gbogbo Abuja, pé níbòmíràn "hello" àti "sannu" ni òun ń gbọ́. Àmọ́ nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, orúnkún rẹ̀ ti wú, ó ní òun ò lè gun bọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá kí wa, ó mú fíìmù náà dání nínú fúláàṣì. Iná wà. Mo fa kọ́tìnnì nítorí oòrùn ń ta sójú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ń fi òróró pa orúnkún, ó ní kí a máa wò ó, òun á máa gbọ́.

Fíìmù ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà wọ ilé onígíláàsì ńlá kan, ilé fúnra rẹ̀ sì lanu kí i káàbọ̀. Ìyá mi béèrè pé àwọn èèyàn tó wà nílé ńkọ́. Mo ní kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Ó mi orí, ó ní ọlọ́wọ̀ ni ẹ̀rọ náà o. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ọkùnrin burúkú náà hàn wá nínú yàrá ṣíṣú kan, ó jókòó síwájú àwọn tẹlifíṣọ̀n jàǹtìrẹrẹ. Mo sún mọ́ iwájú. Ibi tí mo ń dúró dè nìyí. Ó fi ìka gbá kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ń ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti wọlé.

Ó tán. Gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe nìyẹn. Mo pòṣé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe sùúrù, wọ́n ṣì máa ṣàlàyé. Wọn ò ṣàlàyé nǹkan kan. Iná ń kú, iná ń tàn, ìyá mi sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti mú iná lọ ni. Ilẹ̀kùn ń ti ara wọn. Obìnrin náà gbé ife wáìnì, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn nínú òkùnkùn, ó ń béèrè pé ta nìyẹn, nígbà tó yẹ kí ẹni tó bá ní ọpọlọ ti máa sá lọ. Nígbà tó máa wá sá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló sá gùn. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò pe ẹnì kankan. Kò ní ìyá, kò ní àbúrò, kò ní alájọgbélé tó lè kanlẹ̀kùn bi í pé ariwo kí ni a ń gbọ́. Inú bí mi gidigidi. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo gbé àìsàn lọ bá dókítà, tí dókítà wá ń kọrin fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fíìmù lásán ni, kí ló ń gbé mi nínú tó báyìí. Òun náà ò mọ̀ pé mo ń wá ojú kan nínú fíìmù náà, kí n lè mọ ibi tí màá ti wá a nílé mi.

Ó kù díẹ̀ kó parí. Obìnrin náà fara pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ohùn kankan. Mo dìde láti lọ pa tẹlifíṣọ̀n, kí n yáa sùn díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pí-pí-pí.

Mo kọ́kọ́ rò pé nínú tẹlifíṣọ̀n ni. Ọ̀rẹ́ mi ló yí ojú padà. Ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ṣí, ọkùnrin tí mo kọ̀ náà wọlé, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pa jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé bàtà rẹ̀ dání lọ́wọ́ òsì. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú yàrá tí a fi kọ́tìnnì dí.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò pamọ́ de ọkùnrin yẹn pọ̀. Èpè wà níbẹ̀, èébú wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó jáde. Mo di ẹ̀yìn àga mú. Ọkùnrin náà kí ìyá mi, "Ẹ káàsán, Mà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi wo ojú rẹ̀, ó wo bàtà náà, ó tún padà wo ojú rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Mo sọ fún ọ láàárọ̀ pé a ò ní sí nílé."

Èmi ni mo kọ́kọ́ yíjú sí i. Láàárọ̀ kẹ̀? Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bátìrì kọ́kọ́rọ́ ni òun wá yẹ̀ wò, pé ṣebí Mọ́mì ló sọ pé ó ti ń lọ́ra. Ó ní òun ò kágò nítorí òun rò pé kò sí èèyàn nílé. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ọmọ tó gbẹ̀kọ́ dáadáa.

"Ta lo wá kí nígbà náà?" ni ìyá mi bi í.

Mo rí i bó ṣe ń wá èsì kiri. Ìyá mi di apá àga mú, ó fi orúnkún wíwú yẹn dìde dúró, èmi tí mo ti máa ń gbé e dìde láràárọ̀ sì ń wò ó. Ó ní kó jáde nílé ọmọ òun. Kò pariwo. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé kí n bá òun sọ̀rọ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá, ìbínú ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá bá àjèjì nínú yàrá ara rẹ̀. Ó jáde. Ọ̀rẹ́ mi fò dìde, ó wọ́ tábìlì lọ ti ilẹ̀kùn. Nínú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin yẹn ti pa ọ̀tá rẹ̀, iná ti tàn, orin ti ń dún.

Ìyá mi kọjú sí ògiri nígbà tó ń rojọ́. Nọ́ńbà tí mo pààrọ̀ kò dúró lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, ó jáde lọ ra ata, ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ló bá pe ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn, bí èèyàn ṣe máa ń pe káfíńtà. Àna rẹ̀ ní kó sọ gbogbo èyí tó bá rántí lára nọ́ńbà náà fún òun. Mo ti kọ́ ọ pé ọjọ́ ìbí bàbá mi ni, ìyẹn ló sì rántí, ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀, àmọ́ kò mọ bí yóò ṣe tò ó di nọ́ńbà. Ọkùnrin náà tò ó fún un, ó ní òun á bá a fi pamọ́ sórí, pé ìgbàkígbà tó bá gbàgbé, kó pe òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ìyá mi láràárọ̀, á kí i dáadáa, á béèrè orúnkún, á wá béèrè mi. Kí ni ọmọ wa jẹ? Ṣé ó sùn? Ṣé ikọ́ ti lọ? Ìyá mi sì ń dá a lóhùn, torí pé lójú tirẹ̀, ẹni tó ń béèrè ọmọ ẹni lójoojúmọ́, ìfẹ́ ló ń ṣe é.

Ó tún ti ń wá. Ó máa ń kó ọsàn wá, á kágò láti ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Àga mi ló ń jókòó sí. Ìyá mi ti fi í sílẹ̀ nínú pálọ̀ rí, ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá, oorun sì gbé e lọ. Kò sọ fún mi torí àna rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tu ọmọ lójú díẹ̀díẹ̀. Ó ní bàbá mi náà gba ẹ̀yìn ìyá òun bẹ òun nígbà kan, èèyàn sì ni gbogbo wa di. Mègádì tó wà ní géètì pàápàá, ọkọ mi ló mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí mo lọ bá a, "kai" ló kàn ń sọ, tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Òwe wà lẹ́nu mi. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Mo gbé e mì, torí pé ìyá mi ni ògiri náà. Àmọ́ mo mú fóònù mi, mo jókòó tì í lórí ẹní, mo sì ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn sí i létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́tìnnì. Ẹ̀gúsí. Ikọ́. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ láti ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti kọ̀wé pé òun mọ̀ pé mo sunkún, ìyá mi ká ọwọ́ lérí, ó ní kí n dákun, kí n dáwọ́ dúró. Inú ń bí mi sí i débi pé mo wọ ilé ìdáná lọ, kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà ni, mo sì fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe lọ́jọ́ náà, a ò tíì mọ̀ títí di òní. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tú gbogbo ilé, a yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú àpò aṣọ wò. Kò sóhun tó dín, kò sóhun tó lé. Bí fíìmù bá lè parí kí wọ́n má sọ bí olè ṣe wọlé, èmi mọ bí tèmi ṣe wọlé wàyí. Ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, tó fi gbé bàtà dání kí alájọgbélé kankan má baà rí i lẹ́nu ọ̀nà, ni mi ò mọ̀.

Káfíńtà wá kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tú kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà náà kúrò, ó fi oníhò rọ́pò rẹ̀, ó kan irin ìdábùú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti inú. Ìyá mi gan-an ló pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí fóònù. Ó ní kò sí ìparí ọdún kankan tí òun ń dúró dè, pé bí àwọn ọkùnrin ò bá ráyè, òun á fi orúnkún òun gbé iṣu náà padà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọkùnrin náà ò tíì dáwọ́ dúró pátápátá. Àmọ́ ó ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń sọ fún mi. Nísinsìnyí, ó ń béèrè ni: ṣé ilé ni mo wà, ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún lọ́yà kan tí ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ bá.

Ìyá mi ti ṣe òfin kan sínú ilé mi. Ẹnikẹ́ni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ kágò, kódà èmi tí mo ni ilé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ara mi, màá ní, "Àgò onílé o." Láti inú lọ́hùn-ún ni yóò ti dáhùn pé, "Àgò yà," màá wá gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, tó ń fa irin. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kágò, kò dáhùn. Mo tún kágò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn, àwọn ará ìsàlẹ̀ jáde síta. Ilé ìwẹ̀ ló wà, omi ń dún lára rẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, mo jágbe mọ́ ọn bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, kí n tó dì mọ́ ọn. Kò bínú. Ó ní òun á máa wẹ̀ kí n tó dé.

Orúnkún rẹ̀ ti ń san. Ó ti ń sọ̀rọ̀ àtipadà sílé, ó ní ewébẹ̀ òun á ti kú, pé èmi náà ti dàgbà. Mo ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mi ò tíì lè sọ fún un pé mi ò mọ bí màá ṣe máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí màá kágò, tí kò ní sí ẹni tó máa dá mi lóhùn, tí màá sì gbọ́dọ̀ wọlé.